Ìwé Tó Kù Sí Wa Lẹ́nu

Nílé tiwa ní Ìbàdàn, a kì í dìbò yan ìwé tó dùn jù lọ́dún. Ìbò kò bá ìwé mu: ẹni tó bá lè pariwo jù ni yóò borí, ìwé tí ọmọ kékeré fẹ́ràn yóò sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí à ń ṣe ni pé, nígbà tí oṣù Kejìlá bá ń parí lọ, a ó kó gbogbo ìwé tí ilé kà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún sínú àpótí kan, a ó sì tì í pa. Ẹni tó bá fẹ́ kí ìwé kan wà lára ààyò ọdún náà yóò dìde, yóò sì sọ ọ́ fún wa láìwo ojú ìwé kankan. Kò pọn dandan kó sọ gbogbo rẹ̀. Bó bá ń sọ ibi tó wù ú, tí àwọn tó jókòó sì ń gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, tí ẹnì kan ń sọ pé "rárá o, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ṣe dá a lóhùn," ìwé náà ti wọlé nìyẹn. Bí ọ̀rọ̀ bá há sí i lọ́fun, tó wá ń wo àjà, ìwé náà padà sórí pẹpẹ, kò sí ìjà.

Bí a ṣe ń rìn ín láti oṣù Kìíní títí dé ìdí àpótí yìí ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí àwọn òbí kan máa ń bi mí pé báwo la ṣe ń rí àwọn ọmọ mú jókòó ti ìwé. Mo sì fẹ́ sọ ohun kan tó dá mi lójú mọ́ ọn. Ìwé Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń pọ̀ jù nínú àpótí wa, ṣùgbọ́n ìwé Yorùbá ló máa ń pọ̀ jù nínú ààyò. Ìfẹ́ èdè abínibí nìkan kọ́ ló fà á. Àwọn tó kọ ìwé wọ̀nyí ní etí olùgbọ́ lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń kọ ọ́. Ìwé tí a bá kọ fún etí ni ìyá àgbà àti ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè jọ gbádùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí ọdún bá bẹ̀rẹ̀, oníkálùkù ni yóò dárúkọ ìwé kan. Màmá Àgbà, ìyá ọkọ mi, ní tiwọn. Bàbá àwọn ọmọ ní tiwọn, èmi náà ní tèmi, àwọn ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ní tiwọn, láti orí àkọ́bí mi obìnrin tó wà ní SS2 títí dé àbíkẹ́yìn. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù ń dárúkọ tirẹ̀ lórí WhatsApp. Ẹni tó bá dárúkọ ìwé ni yóò kọ́kọ́ kà á sókè fún wa. Alẹ́ méjì ni ẹ̀tọ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. Bó bá di alẹ́ kẹta tí kò sí ẹni tó béèrè pé "ibo la bá a dé?", a ó dá a padà fún ẹni tó mú un wá, kó lọ máa dá a kà. Òfin náà le díẹ̀, àmọ́ òun ló ń gbà wá lọ́wọ́ ìwé tí èèyàn ń fi ìtìjú kà parí.

Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ la máa ń kàwé. Ó tilẹ̀ sàn bí wọ́n bá mú iná lọ, nítorí tẹlifíṣàn á dákẹ́, tọ́ọ̀ṣì kan ṣoṣo á sì kó gbogbo wa jọ sójú kan. Mo mọ̀ pé kò yẹ kí n máa dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó ń mú iná lọ.

Ẹni tí yóò kàwé lálẹ́ gbọ́dọ̀ ti kà á sílẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́sàn-án. Èyí ṣe pàtàkì ju bí àwọn òbí ṣe rò lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá tó dára jẹ́ ti àtijọ́, wọ́n sì ti tẹ̀ wọ́n kí ìjọba tó fọwọ́ sí ìlànà àkọtọ́ tí à ń lò lónìí ní 1974. Àmì ohùn inú wọn kò tó nǹkan, bí wọ́n sì ṣe kọ ọ̀rọ̀ yàtọ̀ sí bí wọ́n ṣe ń kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́. Ọmọ tó bá kọ́kọ́ pàdé irú ojú ìwé bẹ́ẹ̀ níwájú èrò yóò máa kọsẹ̀ ni, ojú á tì í, kò sì ní gbà láti kàwé mọ́. Nítorí náà ni a fi ń fún wọn ní pẹ́ńsù kí wọ́n fi àmì sí ibi tó bá rú wọn lójú, kí wọ́n sì lọ bá Màmá Àgbà kí ilẹ̀ tó ṣú. Màmá Àgbà kò ka ìwé púpọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohùn tó lè ṣì wọ́n lọ́wọ́. Bí ẹni tó ń kàwé bá gbé ohùn gba ibi tí kò yẹ, wọn kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn máa ń wúkọ́ ni.

Rírí ìwé náà tún jẹ́ iṣẹ́ lọ́tọ̀. Ìwé tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bá ń lò lọ́dún náà ni àwọn tó ń tàwé máa ń kó síwájú. Bí ìwé kan bá ti kúrò lórí àkọsílẹ̀ ìdánwò, ó di ọ̀ràn kí a máa wá a kiri. A máa ń lọ sí Agbẹni, a máa ń lọ sí Dùgbẹ̀, a sì máa ń ya ìwé lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn olùkọ́ àtijọ́ ni ilé ìkàwé tó dára jù ní Ìbàdàn, bí ẹ bá lè fara da ìbéèrè wọn nígbà tí ẹ bá ń dá ìwé náà padà.

Lọ́dún yìí, bàbá àwọn ọmọ ló dárúkọ Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó, ló kọ ọ́, ó sì jáde ní 1938. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ráhùn pé ìwé ìdánwò ni. Ṣùgbọ́n ohun kan wà nínú ìwé náà tí ẹni tó bá dá a kà lè má fiyè sí: Fágúnwà fúnra rẹ̀ ti pín in sí ìjókòó-ìjókòó. Bàbá arúgbó kan tó ń jẹ́ Àkàrà-ògùn ló wá bá ẹni tó ń kọ̀wé, tó ní kó mú gègé àti tákàdá, kó máa kọ ohun tí òun bá ń sọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bàbá náà á dá ìtàn dúró, á bá tirẹ̀ lọ, á sì ṣèlérí pé òun ń padà bọ̀. Nígbà tí yóò fi dé, àwọn ará ìlú ti gbọ́, wọ́n ti wá jókòó, èrò sì ń pọ̀ sí i. Ohun tí à ń ṣe nínú pálọ̀ wa ni ìwé náà ń ṣe nínú ara rẹ̀. Ibi tí Àkàrà-ògùn bá ti dá ìtàn dúró ni àwa náà ń dá a dúró. Àwọn ọmọ bẹ̀ wá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún, a ò gbà. Láti alẹ́ yẹn ni wọ́n ti ń ti ẹnu ọ̀nà béèrè ibi tí a bá a dé.

Ohun kejì tó mú wọn ni orúkọ. Nígbà tí ọba rán Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó, kò dá lọ. Ó kó àwọn ọdẹ mìíràn dání, ìṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì yàtọ̀: Olóhùn-iyọ̀ tí orin dùn lẹ́nu rẹ̀, Ẹlẹ́gbèdé-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Kàkó tòun ti kùmọ̀ rẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ làwọn ọmọ pín orúkọ wọn láàárín ara wọn. Ọmọkùnrin mi gba Kàkó, àbíkẹ́yìn gba Olóhùn-iyọ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé orin rẹ̀ kì í bá ìlù mu. Ìlú Láńgbòdó yìí ni Wálé Ògúnyẹmí gbé jáde nínú eré orí ìtàgé tí Nàìjíríà gbé lọ sí àjọ̀dún FESTAC ní 1977, kò sì yà mí lẹ́nu pé eré ni wọ́n fi í ṣe. Ẹnu ẹni kan kò gba ìwé náà.

Ibi tí ìjà ti bẹ́ sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìyàwó Kàkó. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn gan-an ni ìpè ìrìn-àjò dé. Ìyàwó dì mọ́ ọkọ rẹ̀, ó ní kò ní fi òun sílẹ̀ lọ, Kàkó sì pa á. Àkọ́bí mi gba ìwé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó tún ibẹ̀ kà, ó sì ní láti òní lọ ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe Kàkó ní ògbójú lójú òun mọ́. Àbúrò rẹ̀ tó ti gba orúkọ náà sọ pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Wọ́n jiyàn títí. Mi ò bá wọn parí rẹ̀, nítorí mo rò pé ohun tó yẹ kí ìwé dá sílẹ̀ nínú ilé nìyẹn. Fágúnwà kò gbé Kàkó jáde gẹ́gẹ́ bí ẹni mímọ́, òǹkàwé kò sì gbọ́dọ̀ gbà pé gbogbo ohun tí akọni inú ìtàn bá ṣe ló dára.

Nǹkan kan wà tí èmi àti Màmá Àgbà kò fi bẹ́ẹ̀ rí bákan náà. Nígbà tí àwọn ọdẹ dé ilé Ìrágbèje, ilé olójú méje, ọjọ́ méje gbáko ni Ìrágbèje fi kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́. Ibẹ̀ ni oorun ti kó àwọn ọmọ lọ. Olùkọ́ ni Fágúnwà, onígbàgbọ́ ni, ìwàásù sì máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ láìpè é. Èmi ní kí a fo ibẹ̀, kí a padà sí i nígbà tí àwọn ọmọ bá dàgbà. Màmá Àgbà ní ibẹ̀ gan-an ni ìwé náà wà, pé igbó àti iwin kàn ń mú èèyàn dé ilé Ìrágbèje ni. A fò ó lálẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ tí Màmá Àgbà ń ní kí àkọ́bí mi ka ibẹ̀ fún àwọn nìkan.

Ìwé márùn-ún ni Fágúnwà kọ tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n, láti orí Ògbójú Ọdẹ títí dé Àdììtú Olódùmarè tó jáde ní 1961, ọdún méjì ṣáájú ikú rẹ̀. Ọ̀kan ṣoṣo ló kù sí wa lẹ́nu lọ́dún yìí. A bẹ̀rẹ̀ Igbó Olódùmarè, a gbádùn ìjà Olówó-ayé pẹ̀lú Èṣù-kékeré-òde, ṣùgbọ́n ọdún ti ń lọ sópin, ó sì di ti ọdún mìíràn. Àwọn ọmọ àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ka Ògbójú Ọdẹ bí Wọlé Ṣóyínká ṣe sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, wọ́n sì ń fi ohùn ránṣẹ́ láti bá tiwa jiyàn nípa Kàkó. Wọ́n gbè sẹ́yìn àkọ́bí mi.

Ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ sọ òótọ́, Fágúnwà kọ́ ló gba ọdún yìí. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ni.

Àjà Ló Lẹrù jáde ní 1969, Àgbàlagbà Akàn tẹ̀ lé e ní 1971. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí àti Tàfá Ìgìrìpá, alábàárìn rẹ̀, ló ń lépa àwọn ọ̀daràn nínú ìwé méjèèjì. Ọmọkùnrin mi ló mú èyí àkọ́kọ́ wá láti ilé olùkọ́ àtijọ́ kan, nítorí ó rí àwòrán ẹ̀yìn ìwé. Kò sí ẹni tó ní láti béèrè fún alẹ́ kẹta. Alẹ́ kìíní gan-an la kà á kọjá àkókò oorun. Ọ̀rọ̀ ẹnu ló kún inú ìwé náà. Òkédìjí kì í dúró ṣàpèjúwe ènìyàn fún ojú ìwé mẹ́ta. Ó máa ń jẹ́ kí ẹni náà la ẹnu ni, ẹ ó sì mọ irú ẹni tó jẹ́, ibi tó ti wá, àti bóyá irọ́ ló ń pa. Lápàdé lè wà lẹ́nu ewu kó ṣì máa kọrin, kó máa pa òwe tí kò bá ọ̀ràn mu rárá tàbí tó bá a mu jù. Nítorí náà la ṣe lè pín in kà bí eré: ẹnì kan ni Lápàdé, ẹnì kan ni Tàfá, ẹnì kan ni gbogbo ọ̀daràn lápapọ̀. Bàbá àwọn ọmọ ló ń ṣe ọ̀daràn, wọ́n sì ń ṣe é dáadáa jù.

Ohun tí mo fi mọ̀ pé ìwé ti wọ ilé wa nìyí: ó kúrò nínú ìwé. Nígbà tí ẹran kan pòórá nínú ìkòkò ọbẹ̀, ọmọkùnrin mi gbé ohùn Lápàdé wọ̀, ó sì fi ọ̀rọ̀ wá gbogbo wa lẹ́nu wò lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan Màmá Àgbà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. (Àbíkẹ́yìn ló jẹ ẹran náà, ó sì jẹ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ibi tí Lápàdé máa ń bẹ̀rẹ̀ orin.)

Mo ní kí a fi ìwé Kọ́lá Akínlàdé wé e, nítorí òun náà jẹ́ ọ̀gá nínú ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. A ka Owó Ẹ̀jẹ̀, tó jáde ní 1976. Akin Olúṣínà tí Akínlàdé dá kì í pariwo. Ó ń wo ipasẹ̀, ó ń ro ọ̀rọ̀, ó ń so ọ̀kan mọ́ èkejì pẹ̀lú sùúrù. Bàbá àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ ju Lápàdé lọ, wọ́n ní ìwádìí gidi nìyẹn. Síbẹ̀, lálẹ́ kẹta, kò sẹ́ni tó béèrè. Mo rò pé mo mọ ìdí rẹ̀: ìwé tí èèyàn ń dá kà ni, tí ó gbọ́dọ̀ lè yí padà sẹ́yìn lọ wo ohun tó ti kà tẹ́lẹ̀. Etí kì í ṣí ìwé padà sẹ́yìn. Bàbá wọn dá a kà parí, wọ́n sì gbádùn rẹ̀. Ó yẹ kí òbí mọ irú ìwé tí wọ́n mú dání kí wọ́n tó bínú sí ọmọ tó ń tòògbé.

Màmá Àgbà ló mú Ẹfúnṣetán Aníwúrà wá, eré tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá tẹ̀ jáde ní 1970, kì í sì í ṣe nítorí pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fẹ́ bá a jà ni. Nínú eré náà, Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, jẹ́ òǹrorò tí ń pa ẹrú rẹ̀ láìwojú. Màmá Àgbà ní ìtàn tí àwọn gbọ́ lágbo ilé kò rí bẹ́ẹ̀, pé obìnrin náà lówó, ó lóko, ó ń ran àwọn jagunjagun lọ́wọ́, ikú ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo lórí ìkúnlẹ̀ ló sì bà á lọ́kàn jẹ́. Kí a má bàa máa fi ohùn gíga jiyàn, mo mú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ohun tí Johnson sọ ni pé Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, fẹ̀sùn kan Ẹfúnṣetán pé kò bá òun lọ sógun, pé kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, pé kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi nígbà tí òun dé. Wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́dún kan náà, ní 1874, àwọn ẹrú rẹ̀ pa á mọ́ ilé.

Àkọ́bí mi ní, "Ẹ̀ṣẹ̀ ikú nìyẹn?" Màmá Àgbà kàn fọwọ́ tọ́ka sí ìwé eré náà ni, ìyẹn ni pé kó bi Ìṣọ̀lá.

Ó wọlé nínú ààyò wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó mú un wá kò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹjọ́ tèmi ni pé Ìṣọ̀lá kọ eré tó dára, kò kọ ìtàn tó tọ́. Onítíátà lẹ́tọ̀ọ́ sí ìyẹn. Àmọ́ àwọn olùkọ́ tó ń fi eré náà kọ́ ọmọ lẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ gbé ìtàn tó jẹ́ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ ti ṣe iṣẹ́ lórí obìnrin náà láti ọjọ́ pípẹ́, nítorí náà kò sí àwáwí.

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Ẹ̀gbá kò jẹ́ kí Ìbàdàn dá obìnrin ní. Mo mú Aké wá, ìwé tí Ṣóyínká kọ nípa ìgbà èwe rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, tó jáde ní 1981. Ìṣọ̀lá kan náà tí Màmá Àgbà ń bá jà ló tún un sọ ní Yorùbá ní 2001, èyí la sì kà. Apá ìparí rẹ̀ ló dùn jù, níbi tí àwọn obìnrin Ẹ̀gbá ti dìde sí owó orí, tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ṣáájú wọn. Ìjà yẹn ló lé Aláké Adémọ́lá kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949, kó tó padà wá lẹ́yìn náà. Àwọn ọmọ gbádùn ibi tí ọmọ kékeré ti ń jíṣẹ́ láàárín àwọn obìnrin náà ju gbogbo ọ̀rọ̀ òṣèlú lọ. Orí kan tàbí méjì láàárín ìwé kò fi bẹ́ẹ̀ mú wọn, a sì yára kọjá.

Èyí tí àkọ́bí mi dárúkọ, Ó Le Kú, kò ṣeé kà sókè níwájú ìyá ọkọ ẹni. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn obìnrin mẹ́ta, Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ni. Ó dá a kà nínú yàrá, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àbúrò rẹ̀. Ìwé yìí ló yà wá lẹ́nu jù nídìí àpótí. Nígbà tó dìde tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, kò sẹ́ni tó mí. Màmá Àgbà ló ń béèrè pé "ta ló wá fẹ́?", lẹ́yìn náà ni àwọn náà bẹ̀rẹ̀ ìtàn ìró kúkurú àti bùbá tí wọ́n ń pè ní oléku, bí wọ́n ṣe wọ̀ ọ́ nígbà èwe wọn àti bí àwọn ọ̀dọ́ ṣe tún ń rán an nígbà tí Túndé Kèlání sọ ìwé náà di fíìmù ní 1997. Ìwé kan tí ẹnì kan ṣoṣo kà ti di ti gbogbo ilé láàárín ìrọ̀lẹ́ kan.

Ti àbíkẹ́yìn ni Anna Hibiscus, ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí Atinuke kọ. Ìbàdàn ni wọ́n bí Atinuke sí, Wales ló ń gbé, àkọ́kọ́ nínú àwọn ìwé Anna Hibiscus sì jáde ní 2007. Ilé ńlá kan tí ìyá àgbà, bàbá àgbà, àǹtí àti àwọn ọmọ ẹbí kún ni Anna ń gbé, àwọn àbúrò rẹ̀ ìbejì sì ń jẹ́ Double àti Trouble. Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ló ń ka ìwé kan náà fún àwọn ọmọ tirẹ̀, ó sì máa ń ka orí kan ránṣẹ́ sí wa ní ohùn. Òun nìkan ni ìwé Gẹ̀ẹ́sì tó kù sí wa lẹ́nu lọ́dún yìí. Ẹ ṣàkíyèsí pé ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ apàlọ́ tó ti ń sọ ìtàn níwájú àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ kó tó di pé ó ń kọ̀wé. Gbogbo àwọn yòókù, títí kan ìwé ńlá kan tó gba ẹ̀bùn tí èmi fúnra mi fi owó gidi rà, kò kọjá alẹ́ kejì.

Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ kò sí nínú àpótí, nítorí òun kì í kúrò nílẹ̀. Òun ni àbíkẹ́yìn fi ń kọ́ bí a ti ń kàwé sókè. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Ẹtì, àbíkẹ́yìn ló ń kàwé fún wa, àgbà ló ń gbọ́. Mo gba ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ kékeré lọ́dọ̀ nímọ̀ràn pé kí ẹ ṣe èyí ṣáájú ohunkóhun.

Nígbà tí àwọn ọmọ bá sì ti sùn, àwa àgbà ní tiwa. Ìtàn Ìgbésí Ayé Èmi Ṣẹ̀gilọlá la kà, èyí tí I. B. Thomas gbé jáde díẹ̀díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti 1929 sí 1930, bí ẹni pé obìnrin kan ló ń kọ lẹ́tà ìgbésí ayé rẹ̀ ránṣẹ́. Àwọn òǹkàwé ìgbà náà gbà pé òótọ́ ni Ṣẹ̀gilọlá wà láyé. Nígbà tí mo kà á sókè, èmi náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Kò ṣeé sọ nídìí àpótí níwájú ọmọdé, nítorí náà kò sí lára ààyò ilé, ṣùgbọ́n ó wà lára tèmi.

Àwọn kan ń sọ pé fóònù ló pa ìwé kíkà láàárín àwọn ọmọ. Mi ò gbà. Fóònù kan náà ló ń gbé ohùn àbúrò mi wá láti Lọ́ńdọ̀nù. Ohun tó pa á ni pé ìdánwò nìkan la fi ìwé Yorùbá sí: ọmọ á há orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn sórí, á kọ ọ́ sílẹ̀, á gbàgbé rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, kò sì ní gbọ́ ohùn ìwé náà rí.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nílé tiyín, ẹ má fi Fágúnwà bẹ̀rẹ̀, nítorí èdè rẹ̀ nípọn, ó sì ń fẹ́ olùkàwé tó ti gbó. Ẹ fi Àjà Ló Lẹrù bẹ̀rẹ̀. Ẹ pín ohùn àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ láàárín ara yín, ẹ jẹ́ kí ẹni tó dàgbà jù nínú ilé jókòó níbi tí yóò ti gbọ́ ọ, ẹ sì dá a dúró níbi tó bá ti dùn jù. Bí ẹ bá ń rà á, ẹ ra èyí tí ilé ìtẹ̀wé tẹ̀, ẹ má ra ayédèrú tí ojú ìwé ń sọnù lára rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tàwé lẹ́ẹ̀kan, ẹ tún béèrè lẹ́ẹ̀kejì, nítorí ohun tí èèyàn kò bá béèrè, ọlọ́jà kì í gbé e wá.